Kẹ́místrì ni mò ń kà ní Ifẹ̀: ṣé kí n fi ẹ̀kọ́ àyíká kún un, àbí wolé-wolé ni mo fẹ́ dà?

Ọmọ_Ìmọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Iléṣà ni mí, àdúgbò Ìmọ̀, àmọ́ Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Kẹ́místrì ni mò ń ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì. Ẹni tó bá ti gba yunifásítì yìí kọjá mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sínú fákọ́tì tirẹ̀ nìkan títí á fi jáde. Dandan ni kéèyàn mú kóòsì díẹ̀ níta, èyí tí à ń pè ní special elective. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wádìí èyí tó rọrùn jù, tí máàkì A ti ń já bọ́ bí àgbálùmọ̀, wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ó ti parí lọ́dọ̀ tiwọn.

Èmi ń rò ó lọ́tọ̀. Mo fẹ́ ṣa tèmi jọ kí gbogbo wọn dá lórí ọ̀rọ̀ àyíká: ọ̀kan láti jọ́gíráfì, ọ̀kan láti ẹ̀kọ́ òfin tàbí ètò ìṣèlú, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ nípa àwùjọ. Wọ́n ní minor ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ lókè òkun.

Mo sọ ọ́ nílé. Bàbá mi kékeré gbé ife tíì kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wolé-wolé lo fẹ́ dà ni? Ṣé torí kí o lè máa ṣí àmù kiri ilé onílé la ṣe ń sanwó ilé ìwé?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìdí tí mo fi ń rò ó nìyí. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko màmá mi àgbà, lápá Ìtàgúnmódi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń fi igbá bu ú mu. Ní báyìí, àwọ̀ tíì oní-mílíìkì ló ní, torí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò. Lọ́dún tó kọjá mo bu omi ibẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e lọ sí láàbù, mo wọn pH rẹ̀, ìyẹn bí omi náà ṣe kan tó, mo sẹ́ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Mo rí nọ́ńbà. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé nọ́ńbà yẹn ò sọ ẹni tí mo lè gbé e lọ bá.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ojú_Kan_Làdá | Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Àbúrò, ẹ wo orúkọ mi. Ojú kan làdá ń ní. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Kẹ́místrì nìkan tó ẹ ṣe. Ẹ gba first class yín, ẹ lọ ṣe máàsítà, ẹ fi odò sílẹ̀ fún àwọn olódò. Èmi ka iṣẹ́ ẹ̀rọ jáde, kò sí ọ̀gá kan tó bi mí ní special elective rí.

Bàbá_Wolé_Wolé | Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́

Ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ kékeré. Sọ fún un pé wolé-wolé kan wà lórí ìlà.

Ayé Gowon ni mo wọ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú kákí, fìlà, àti ìwé ìtanràn nínú àpò. Kí n tó dé ìkángun àdúgbò, àwọn ọmọdé á ti máa sáré ké pé "wolé-wolé ń bọ̀ o!" Àwọn ìyàwó ilé á ti da omi àmù nù, wọ́n á ti gbálẹ̀. Bí mo bá débẹ̀, ohun gbogbo á mọ́ tónítóní. Bí mo bá kẹ́yìn báyìí, tanwíji á tún padà sílé.

Agboolé kan wà tí ibà ò kúrò lára ọmọ wọn. Mo wo àmù wọn, ó mọ́. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, ó mọ́. Ohun tí mo kọ́ nílé ìwé wolé-wolé ti tán nìyẹn. Ìyá àgbà kan ló fi ojú fà mí lọ sí yàrá kan. Ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀, ti òrìṣà ìdílé ni, omi inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ. Tanwíji ń yí bírí nínú rẹ̀! Òfin sọ pé kí n fọ́ ọ tàbí kí n kọ ìwé ìtanràn. Bí mo bá fọ́ ọ, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ agboolé yẹn mọ́ títí ayé, mo sì lè má délé lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó. Mo bi Olórí Ẹbí pé ṣé èèwọ̀ ni kí a dé ìkòkò náà. Wọ́n ní rárá, àwọn bàbá àwọn gan-an máa ń fi àwo dé e, ọmọ kan ló fọ́ àwo náà, kò sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ra àwo tuntun, wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, tanwíji tán.

Ìmọ̀ nípa ẹ̀fọn ló mú mi dé ilẹ̀kùn yàrá yẹn, àmọ́ kì í ṣe òun ló mú mi wọlé.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sábó | Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé ìyá mi kiri nígbà yẹn 😂 Wọ́n kó omi wọn dà nù tán, wọ́n wá ń rán mi lọ sódò padà.

Bàbá_Wolé_Wolé | Ọjọ́ Ajé, 9:35 alẹ́

Ẹ fojú fò ó dá, ìyá ẹlẹ́ja. Iṣẹ́ ọba ni.

Ẹ̀gbọ́n_Òkè_Òkun | Ọjọ́ Ajé, 11:58 alẹ́

Mo rí i pé a ń dárúkọ minor láìsọ ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ àgbà kan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gboyè lé lórí. Òun ni major. Minor jẹ́ àfikún, ó kéré sí i dáadáa. Lọ́pọ̀ ibi, kóòsì bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, krẹ́díìtì 15 sí 18, ó lè fi díẹ̀ lé e. Ti ọ̀rọ̀ àyíká máa ń ní kóòsì ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, kí wọ́n tó ní kí o mú ọ̀kan ní ìhà sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan ní ìhà òfin tàbí ọrọ̀ ajé, ọ̀kan ní ìhà ìtàn, ẹ̀sìn tàbí ìwà ọmọlúàbí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, kóòsì ìkẹyìn kan á wà tí wọ́n á kó ọmọ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú yàrá kan náà, wọ́n á ju ìṣòro kan sí wọn láàárín. Ọmọ báńkì, ọmọ tíátà, ọmọ báyọ́lọ́jì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìjà ni.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jẹ́ kí o fi kóòsì major rẹ kún minor rẹ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọmọ kẹ́místrì bá fi kẹ́místrì omi, kẹ́místrì afẹ́fẹ́ àti kẹ́místrì ilẹ̀ ṣe minor, kẹ́místrì ló ṣì ń kà.

Kì í ṣe nǹkan àtayébáyé náà. Middlebury, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ àyíká ṣe ẹ̀kọ́ ní 1965. Ní 1970 ni wọ́n ṣe Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé àkọ́kọ́, ní April 22, láti ìgbà náà ló ti gbilẹ̀ káàkiri.

Ojú_Kan_Làdá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kọ́ la wà. Níbí, "minor" ò sí lórí ìwé ẹ̀rí. B.Sc. Kẹ́místrì ni wọn yóò kọ. Ta ló máa mọ̀ pé àbúrò yìí fara dà lẹ́kíṣọ̀ òfin?

Lọ́yà_Láàgere | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀

Orúkọ kóòsì àti máàkì wà nínú transcript, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá o. Ọ̀rọ̀ odò yẹn ni.

Àbúrò ní òun ò mọ ẹni tí òun máa gbé nọ́ńbà lọ bá. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ká ní ilẹ̀ ìdílé yín ni wọ́n ń gbẹ́. Ta ló ni ín? Ẹ ó ní àwa ni, bàbá ńlá wa ló fi àdá ṣán igbó rẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó ń bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀ ni. Ó dáa. Ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ yẹn wọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ẹ kan wúrà. Wúrà yẹn kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti gómìnà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 àti òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 ti kó gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Abuja ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Ẹni tó ní kòkó lórí ilẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń dì ilẹ̀ mú wà lọ́tọ̀, ẹni tó ni abẹ́ ilẹ̀ wà lọ́tọ̀. Baálẹ̀ tó sọ pé "ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ", tó gba owó ọtí, òfin ò mọ̀ ọ́n rárá, síbẹ̀ òun gan-an lẹni tí awakùsà kọ́kọ́ ń lọ bá.

Omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ odò kéékèèké apá Iléṣà, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ́ sí. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ń ti Ìgèdè-Èkìtì bọ̀, ó sì gba ju ìpínlẹ̀ kan lọ kó tó dé ọ̀sà ní ìhà Èkó. Ìjọba méjì, mẹ́ta, ló lè sọ pé ẹjọ́ àwọn kọ́.

Abala 20 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ó dùn létí, àbí? Orí kejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, orí tí ìwé òfin kan náà ti sọ pé ilé ẹjọ́ kì í gbọ́ ẹjọ́ tó dá lé e lórí. Àwa lọ́yà ṣì ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà á.

Mi ò ní kí àbúrò di lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ nǹkan tí mo sọ yìí á mọ̀ pé ìgò omi kan ò tó. Ilé ẹjọ́ á bi í pé ibo lo ti bu ú, ọjọ́ wo, ta ló rí ọ, ta ló di ìgò náà mú láti odò dé láàbù. Mo ti rí ẹjọ́ tó wó lulẹ̀ torí pé ẹni tó bu omi ò kọ ọjọ́ sí ìgò.

Àgbẹ̀_Òṣú | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ kòkó ni mí.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ti wá bá wa lóko ju ìgbà mẹ́ta lọ. Èyí tó kọ́kọ́ wá gbẹ́ ilẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ. Èkejì bi wá ní ìbéèrè bí ọgbọ̀n láti inú ìwé, ó lọ. Ẹ̀kẹta fi nǹkan tó ń fò bí idì ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn ò padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ò bi mí ní ohun tí mò ń fọ́n sí i. Ká ní ó bi mí ni, màá sọ fún un pé bàbá mi lo Gàmálìn sí kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó ní kí a má lò ó mọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Lónìí, ohun aláwọ̀ búlúù kan la fi ń lé àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Gbogbo ẹ̀ á wà nínú ilẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ń wa wúrà ńkọ́? Ẹ̀ ń pè wọ́n ní ọ̀daràn. Méjì nínú wọn, ọmọ àbúrò mi ni. Kòkó ò mówó wọlé lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ odò yìí, kó mú ọ̀rọ̀ owó kòkó mọ́ ọn.

Ọmọ_Ìmọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:34 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ẹ̀kẹta yẹn, drone ni. Ẹ má bínú sí wa.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti ojú oorun. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ojú kan làdá ń ní, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Zamfara.

Ní 2010, ní àwọn abúlé kan níbẹ̀, gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé, wọ́n ń kú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, òjé ló kún un. Àwọn òbí ń gbé òkúta wúrà wálé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sílẹ̀, ọmọ ń rá lórí ilẹ̀ yẹn, ó ń fi ìka sẹ́nu. Ọmọ tó kú ju 400 lọ.

Ibi tí mò ń lọ nìyí: oògùn tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn dókítà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú ọmọ tán tó padà sórí ilẹ̀ kan náà, òfo ni. Wọ́n ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ha ilẹ̀ ọgbà ilé náà kúrò, kí wọ́n gbé ilẹ̀ tó mọ́ dà síbẹ̀, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó ilẹ̀ wà nínú àwọn tó tọ́jú ọmọ. Ẹni tó bá baálé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè wọ ọgbà wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ irú òkúta tó jẹ́ wà níbẹ̀. Èmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, wọn ò kọ́ mi ní ọ̀kankan nínú ìyẹn. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ibà ni èmi náà á kọ́kọ́ pè é.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rù ti ń bà mí o. Ẹja ńkọ́? Ṣé ẹja odò ò ní nǹkan kan nínú?

Ọmọ_Ìmọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Mà, òjé kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nípa ẹja, mẹ́kúrì ni, nǹkan funfun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bọ̀rọ́ bí omi fàdákà. Àwọn tó ń wa wúrà kéékèèké lágbàáyé máa ń lò ó. Ó máa ń so mọ́ wúrà, méjèèjì á di ìṣù. Wọ́n á wá fi iná sí i, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, wúrà á ṣẹ́kù. Èéfín yẹn, imú ẹni tó dúró tì í ló ń gbà. Èyí tó bá ṣàn lọ sódò, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di methylmercury, òun ló burú jù. Ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, bó ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i nínú ara wọn. Sísè ò lé e, yíyan ò lé e. Ìlú Minamata ní Jàpáánì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àìsàn rẹ̀ ní 1956. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń da tiwọn sómi, kì í ṣe awakùsà.

Mi ò sọ pé ó wà nínú ẹja yín o, mà. Mi ò tíì wọn ẹja kankan.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Ẹja tèmi, inú yìnyín ló ti wá. Ṣáwà, kòtẹ́, pańla. Ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì.

Ṣẹ̀gi_Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Ìtàn ni mò ń kà, ẹ jẹ́ kí èmi náà ju òkò temi.

Ìgbò Olókun níbí ní Ifẹ̀: ìgbà kan wà tí àwọn kan ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n ń wú níbẹ̀, òkèèrè ni gíláàsì rẹ̀ ti wá, pé yíyọ́ nìkan ni àwọn baba wa ń yọ́ ọ. Òpìtàn jà, jà, jà, kò parí. Ìgbà tí wọ́n gbé gíláàsì náà fún àwọn oníkẹ́místrì ló tó yanjú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ohun inú ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n fi ṣe é, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Kẹ́místrì ló gba òpìtàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òpìtàn náà san án padà.

Nítorí odò yìí kan náà ni mo ṣe sọ ọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn èèyàn má ṣe mu omi odò náà. Ẹ ro ó wò. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá bu omi ìyá torí ọmọ, kí lẹ fẹ́ sọ fún un tó máa wọ̀ ọ́ létí? Ẹ ò lè ka pH fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò sì lè pè é ní òpè, torí pé àwọn tó ń bọ odò yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gé igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Ìjẹ̀ṣà_Òṣómàáló | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 alẹ́

Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi ń lọ kàwé ní Ifẹ̀ nígbà tí University of Ilesa ti wà láti 2022 😏

Alámójútó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Tí ìjà Ifẹ̀ àti Iléṣà bá wọ ibí, màá ti ìlà yìí pa.

Ojú_Kan_Làdá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Ẹ ti fi ìtàn kún mi nínú, mo gbà. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn: iṣẹ́ dà? Ta ló máa sanwó fún un?

Ọmọ_Ẹdúnàbọ̀n | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Èmi ni wọ́n ń sanwó fún, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Ní 1988 wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko, lápá ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ariwo yẹn ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nígbà náà, sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní 1992 ni òfin EIA jáde: iṣẹ́ ńlá tó bá fẹ́ ba àyíká jẹ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ìwé, kí ará ìlú rí i, kí wọ́n tó gbé kàtàkàtà wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìwé yẹn, ẹgbẹ́ kan ni: ẹni tó mọ omi, ẹni tó mọ igi àti ẹranko, ẹni tó mọ ilẹ̀, ẹni tó mọ àwọn èèyàn ibẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Báyọ́lọ́jì ni mo kà.

Àṣìṣe tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan nìyí. Ojú ọ̀nà kan ni wọ́n fẹ́ là. A bu omi ní ibi mẹ́fà, gbogbo odò tó wà lórí máàpù. Iṣẹ́ wa mọ́, a fẹ́ máa lọ. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà bi wá pé ṣé a ti rí ìsun. Ìsun wo? Ó ní ìsun kan wà lẹ́yìn àpáta, oṣù ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń lò ó, nígbà tí gbogbo odò yòókù bá ti gbẹ. Àárín ibi tí ọ̀nà máa gbà gan-an ni! Ìgbà òjò la lọ, a ò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ká ní a ò jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ẹni tó bá lè wọn omi, tó tún mọ̀ pé obìnrin ẹlẹ́kọ ló yẹ kí òun kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ọ̀gá mi ń wá kiri nìyẹn. Wọn ò pọ̀.

Ojú_Kan_Làdá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:09 alẹ́

Hmm.

Olùkọ́_Àná | Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Mo ti fẹ̀yìn tì, oorun mi ò pọ̀ mọ́. Ọmọ mi, ó dà bíi pé ọkàn rẹ ti lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kù bí wàá ṣe ṣe é tí kò fi ní ba kẹ́místrì rẹ jẹ́.

Má mú gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Ọdún kẹta kẹ́místrì le, láàbù ń jẹ ọ̀sán mọ́ni lẹ́nu. Wo àkókò lẹ́kíṣọ̀ kí o tó forúkọ sílẹ̀, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èrò rere ń kú sí ni tímítébù: ọjọ́ kan náà, aago kan náà, fákọ́tì méjì tó jìnnà síra. Lọ bá olùkọ́ kóòsì kọ̀ọ̀kan kó sọ fún ọ bóyá ó ní kóòsì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń béèrè. Èyí tí mo rí jù nínú àwọn tó ṣa kóòsì àyíká jọ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n kọ́ "kí ni à ń pè ní àyíká" lábẹ́ orúkọ mẹ́rin. Gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù, mú ohun tó lè rú ọ lójú. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó bá jókòó sí kóòsì ìwádìí àwùjọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń bínú: "ìdáhùn dà?" Ó dáa kó bínú.

Lóòótọ́, "minor" kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìlànà tuntun ti NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, fi ìdá 30 nínú 100 ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ pinnu. 70 yòókù ni gbogbo wọn ń jùmọ̀ ṣe. Àyè wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Institute of Ecology wà nínú ọgbà tí o wà yìí, àwọn tó ń wá oyè kejì ni wọ́n ń kọ́. Lọ síbẹ̀ ní báyìí, kí o mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, kó má jẹ́ ọjọ́ tí o bá ń wá máàsítà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ọ̀nà.

Wangari Maathai ti Kenya, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, ẹ̀yà ara ẹranko ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn obìnrin abúlé ló sọ fún un pé igi ìdáná ti jìnnà, odò ti ń gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbin igi ní 1977. Bí ó ti ń gbin igi ló bá ara rẹ̀ nínú ìjà ilẹ̀ pẹ̀lú ìjọba. Kò sí kóòsì kan tó kọ́ ọ ní gbogbo ìyẹn, ó ń kọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Ìwọ ní àǹfààní láti mú díẹ̀ dání kí o tó lọ.

Ọmọ_Ìmọ̀ | Ọjọ́bọ̀, 9:48 alẹ́

Ẹ kú sùúrù. Mo lọ yí ká ọgbà fún ọjọ́ méjì, ẹsẹ̀ mi ti wú.

Mo ti forúkọ sílẹ̀. Sẹ̀mẹ́sítà yìí, ẹyọ kan péré: jọ́gíráfì, èyí tí wọ́n á ti kọ́ wa bí a ṣe ń ka máàpù àti bí omi ṣe ń ṣàn láti òkè wá. Sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, kóòsì ìwádìí àwùjọ. Mo fẹ́ ti òfin gan-an, àmọ́ ó forí gbárí pẹ̀lú láàbù mi. Mo ti bá olùkọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì ní ọdún kẹta bí àyè bá wà.

Mo ka ìtàn ìkòkò òrìṣà fún bàbá mi kékeré. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Wolé-wolé yẹn gbọ́n." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lówó ọkọ̀.

Bàbá Àgbẹ̀ Òṣú, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè wá kí yín? Èmi àti Ṣẹ̀gi ni a jọ ń bọ̀. Ìbéèrè la fẹ́ wá bi, a ò ní gbẹ́ nǹkan kan. Ohunkóhun tí a bá sì rí lẹ́yìn ìgbà náà, a ó padà wá sọ ọ́.

Ojú_Kan_Làdá | Ọjọ́bọ̀, 10:15 alẹ́

Ojú kan ṣì làdá ń ní o. Àmọ́ bí ẹ bá ń lọ, mo ní ọkọ̀ kan ní Iléṣà, màá gbé yín dé Òṣú. Ẹ̀yin lẹ máa ra epo.

Àgbẹ̀_Òṣú | Ọjọ́ Ẹtì, 6:12 àárọ̀

Ẹ máa bọ̀. Kì í ṣe ọ̀la, ọ̀la a ń fọ́ kòkó. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Àwọn ọmọ àbúrò mi méjèèjì á wà nílé, mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á dá yín lóhùn bí ẹ ò bá ya fọ́tò.

Ẹ má wọ sálúbàtà wá, ẹrẹ̀ ibẹ̀ dé orúnkún. Kí ọmọ Ìmọ̀ sì mú ìgò tirẹ̀ dání pẹ̀lú ìdérí, kó mú bírò tí wọ́n fi ń kọ ọjọ́ sí i. Àwọn ìgò tó wà nílé níbí, epo pupa ti wà nínú wọn rí.